Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Lọ Ṣe Lórí Iná Bíréèkì Bàbá Mojí

Sátidé kan wà láyé mi tí kò ní parẹ́ nínú orí mi láé. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ò ní gbà fún mi. Ọjọ́ náà ni mo lọ tún iná bíréèkì ọkọ̀ ṣe fún bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya, èmi tí mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ilé ìwòsàn kan ní Decatur, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Atlanta, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tí màá máa to fáìlì àwọn aláìsàn. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mojí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ọ́, ohùn ẹ̀ máa ń lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wá sílẹ̀, èmi ò sì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn láyé. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, a ti pinnu pé a máa fẹ́ra wa. Màmá ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ti gbà. Bàbá ẹ̀ ló kù. Ìgbàkígbà tí Mojí bá dárúkọ mi fún Daddy, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Mo ti gbọ́." Wọn ò ní àwọn gbà, wọn ò ní àwọn ò gbà. Bí wọn ò bá sì lanu, àwọn òbí mi ò lè wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Mojí mú mi lọ sílé wọn ní Grayson. A jẹun tán, Daddy fẹ̀yìn ti àga, wọ́n wò mí títí.

"Láyé tiwa," wọ́n ní, "ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó máa wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna ẹ̀. Á kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dání, wọ́n á roko, wọ́n á kọ ebè. Ibẹ̀ la ti máa ń mọ irú èèyàn tó jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," mo ní.

"Èmi ò lóko ní Grayson. Grass iwájú ilé yìí gan-an, company ló ń gé e. Ṣùgbọ́n brake light ọkọ̀ mi ò kú mọ́. Mo pa engine, ó ń tàn. Mo yọ key, ó ṣì ń tàn. Tó bá fi máa di àárọ̀, battery ti kú. Ṣé o mọ nǹkan nípa ẹ̀?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ò gùn rárá. Kí n kàn ní mi ò mọ̀ sà, ọ̀rọ̀ á ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mojí ń wò mí, Mummy náà ń wò mí, ẹnu mi sì ti ṣáájú orí mi lọ.

"Nǹkan kékeré nìyẹn, sà," mo ní. "Ọ̀rọ̀ wiring ni. Ẹ jẹ́ kó di Saturday."

Nígbà tí Mojí sìn mí jáde, ó ní, "Babe, ìgbà wo lo mọ wiring?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé bí iná kan bá tàn níwájú mi nínú ọkọ̀ tèmi, ohun tí mo máa ń ṣe ò ju kí n gbàdúrà, kí n sì yí rédíò sókè díẹ̀.

Ẹnì kan kì í dá ọ̀wẹ̀ ṣe, nítorí náà mo bẹ Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi lọ́wẹ̀. Iṣẹ́ kó máa fi ọkọ̀ gbé èrò káàkiri Atlanta ló ń ṣe, mo wá rò ó lọ́kàn ara mi pé ẹni tó ń wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ mọ inú ọkọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé wọ́n máa se oúnjẹ?" Mo ní wọ́n máa sè é. Ó ní òun ń bọ̀.

Mo ra àpótí irinṣẹ́ kan. Mo ra aṣọ mẹkáníìkì aláwọ̀ búlúù, èyí tó so mọ́ra láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá ti tó, màá gbé fóònù mi kalẹ̀, màá máa wo fídíò àwọn èèyàn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Nígbà tó fi máa di Fúráìdé, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá wọn. Ohun tí mi ò fi kún un ni pé mi ò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan.

Nígbà tí a dé Grayson ní Sátidé, Daddy ti gbé àga síta, wọ́n jókòó bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré iwájú ilé. Bí mo ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ni gbogbo irin tí mo kó sápò àyà ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dún gbàlàgàlà.

"Dìde, dìde," Daddy ní. "Kó irin ẹ."

Ọkọ̀ náà dojú kọ gáréèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, ọkọ̀ Mummy sì wà nínú gáréèjì níwájú ẹ̀. Lóòótọ́ ni, iná ẹ̀yìn ẹ̀ pupa fòò lójú oòrùn láàárọ̀, kò sì sẹ́ni kankan nínú ẹ̀. Daddy ti fi bátìrì ọkọ̀ Mummy jí tiẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo tú ike pupa tó bo iná, mo kó ọwọ́ bọ inú ihò, mo sì di gílóòbù mú ṣinṣin. Gílóòbù tó ti ń tàn láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́!

"Jésù!" mo figbe ta.

"Àmín," ni Daddy dáhùn, wọn ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù wọn.

Gílóòbù náà já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ sílẹ̀. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sétí mi. "Ọ̀rẹ́, iná tó ń tàn, ṣé bulb ẹ̀ ló lè bàjẹ́?" Ó lóye, ìbéèrè náà sì dùn mí. Mo ní, "Diagnosis là ń ṣe." Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Mo wá gba iwájú lọ. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ sítíárì, orí mi wà nídìí bíréèkì, ẹsẹ̀ mi méjèèjì yọ síta bí ẹsẹ̀ adìẹ tó yọ nínú apẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni mo ti rí àwọn ìrúnrún ike búlúù kéékèèké kan. Mo rò pé súìtì tí ọmọdé kan jẹ kù ni. Mo gbá gbogbo ẹ̀ jọ, mo sì ní kí Káyọ̀dé lọ dà á sínú garawa ìdọ̀tí, kí Daddy lè rí i pé èèyàn tó mọ́ tónítóní ni mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kan àpótí fíúùsì. Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ kéékèèké ni, tí iná ń gba inú wọn kọjá lọ síbi gbogbo nínú ọkọ̀. Fídíò sọ pé bí a bá yọ èyí tó ń gbé iná lọ síbi bíréèkì, iná á kú. Kò sọ èwo ni, tàbí kó jẹ́ pé oúnjẹ ni mò ń jẹ nígbà tó sọ ọ́. Mo yọ ọ̀kan, rédíò dákẹ́. Mo jù ú sápò. Mo yọ òmíràn, aago ojú ọkọ̀ ṣókùnkùn. Mo jù ú sápò. Mo yọ ìkẹta, mo yọ ìkẹrin, mi ò mọ ohun tí wọ́n pa. Bí mo ṣe yọ ìkarùn-ún báyìí, Káyọ̀dé pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti kú o! Ó ti kú pátápátá!"

Ayọ̀ ọjọ́ náà ò kéré. Mummy sáré jáde láti inú ilé, wọ́n rí iná tó kú, wọ́n bú sórin ọpẹ́. "Ọkọ ọmọ mi!" wọ́n ní. "Ọkọ ọmọ mi, o ṣé o!" Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Orí mi wú. Daddy dìde, wọ́n rọra rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n padà wá jókòó. "Hm," wọ́n ní. "O ṣé." Lọ́dọ̀ tèmi, "o ṣé" yẹn ti tó ìgbéyàwó.

Wọ́n gbé iyán kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ro pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Káyọ̀dé ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó síwájú àgbàlagbà tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi, mo ń ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà fún wọn. Mo tiẹ̀ ń fi egungun ẹja ya àwòrán ẹ̀ létí abọ́. Daddy ń mi orí.

Aago méjì ku díẹ̀ ni Mummy jáde nínú aṣọ nọ́ọ̀sì wọn, báàgì wà léjìká. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Decatur, aago mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn máa bẹ̀rẹ̀. Daddy wọ inú ọkọ̀ láti fi ẹ̀yìn rìn, kí ọkọ̀ Mummy lè ráyè jáde. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Gíà ò dáhùn. Wọ́n fà á, kò kúrò lójú kan. Wọ́n tún fà á.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni pé ọkọ̀ ayé òde òní kì í jẹ́ kí gíà kúrò níbi ìdúró, àyàfi bí ó bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí bíréèkì. Ibi tó sì ti ń gbọ́ ọ ni fíúùsì tó wà nínú àpò mi.

"Ẹ tẹ brake dáadáa, sà," mo ní.

"Mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, sà."

Daddy yíjú sí mi. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ju báyìí lọ, ẹsẹ̀ mi máa yọ sí títì."

Mojí kọjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Mo ní kí Daddy jọ̀ọ́ sọ̀kalẹ̀, mo kó fíúùsì márààrún jáde, mo tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Pupa méjì, búlúù méjì, yẹ́lò kan. Èwo ló jáde níbo? Mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n bọ ihò tí mo bá ṣáà rí. Mo ki ìkejì bọ ọ́, ni ọkọ̀ bá figbe bọnu. Gbogbo ìwo rẹ̀ ń ké, iná iwájú ń ṣẹ́jú. Ajá ilé kejì dáhùn. Olówó ajá náà, òyìnbó arúgbó kan, jáde wá sí etí koríko ẹ̀.

"Y'all doing okay?" ó béèrè.

"We're fine, sir! Sorry!" ni Mojí dáhùn. Ìyẹn náà irọ́ ni.

Nígbà tí mi ò mọ ohun tí màá ṣe mọ́, mo ní kí èmi àti Káyọ̀dé ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ mọ̀ pé èyí tí gíà ẹ̀ wà níbi ìdúró, èèyàn ogún ò lè tì í. Àwa méjì tì í. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi gbogbo agbára tì í, mo sì gbọ́ nǹkan tó ya fààà. Mo rò pé ara ọkọ̀ ló ya. Aṣọ mẹkáníìkì mi ni, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ Grayson sì gba ibẹ̀ wọlé. Ṣòkòtò kékeré tí mo wọ̀ sábẹ́, àwòrán ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kún ara ẹ̀. Òyìnbó arúgbó náà rọra fa ajá ẹ̀ wọlé. Mojí bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó so ó mọ́ mi nídìí.

"Mo ti pẹ́," Mummy ní.

Káyọ̀dé ni wọ́n ní kó gbé wọn lọ sí Decatur, torí ọkọ̀ tiẹ̀ wà létí títì. Mummy jókòó sẹ́yìn bí èrò tó sanwó. Mo sáré lọ síbi fèrèsé láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wo jákẹ́ẹ̀tì ìdí mi.

"Young man," wọ́n ní, "ó dàbọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Wákàtí kan ò tíì pé tí mo jẹ́ ọkọ ọmọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Daddy fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n tún ṣí i, ariwo náà sì dákẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọn ò pariwo, èyí ló burú jù.

"Ṣé o mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí?"

Àlàyé mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé wáyà ti gbó. Mo lè sọ pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló ṣàṣìṣe. Mo wo Mojí, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i pé òun náà ń dúró de ohun tí màá sọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kí n má rí i fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà," mo ní. "Mi ò mọ nǹkan kan. Mi ò ṣí bonnet rí. Gbogbo ohun tí mo sọ nídìí oúnjẹ, inú phone ni mo ti rí i. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí ni. Ẹ má bínú, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Daddy wá ṣí àpò iwájú ọkọ̀, wọ́n fa ìwé kan jáde tó ṣì wà nínú ọ̀rá, wọ́n fi awò wọn sójú. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ọkọ̀ náà ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ra ọkọ̀.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Wá ká jọ kà á."

Daddy ń kà, mo ń ki fíúùsì bọ ihò rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gíà ṣiṣẹ́, rédíò ń kọrin, iná bíréèkì tó kù sì tún pupa fòò bó ṣe wà láàárọ̀. A wá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ sítíárì, orí kan orí, èmi àti bàbá ìyàwó mi ọ̀la. Ìwé sọ pé bọ́tìnnì kékeré kan wà lókè bíréèkì. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí bíréèkì, irin ẹ̀ á padà sókè, á sì tẹ bọ́tìnnì náà, iná á kú. A wo ibi tó yẹ kí irin ti tẹ bọ́tìnnì. Ihò ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì kàn ń gba inú ihò náà kọjá lófìfo, kò sóhun tó ń tẹ̀ ẹ́. Etí ihò náà sì láwọ̀ búlúù.

Orí mi fò lọ. "Daddy," mo ní, "mo ti da nǹkan yẹn nù. Mo rò pé súìtì ni."

Mojí ló lọ tú garawa ìdọ̀tí. Abẹ́ èèpo iṣu ló ti rí àwọn ìrúnrún náà. Ó tò wọ́n pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì di ike roboto kan tó ti gbó tó fọ́. "It's just a stopper," ó ní. "Wọ́n ń tà á everywhere." Òótọ́ ló sọ. Èmi àti Daddy wọ ọkọ̀ mi, sálúbàtà ilé wà lẹ́sẹ̀ wọn, jákẹ́ẹ̀tì Mojí wà nídìí mi, a lọ sí ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tà níbẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò tóbi ju kóró agbálùmọ̀ lọ. Daddy wò ó, wọ́n wò mí, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi.

"Àárín ìlú Ìbàdàn ni mo dàgbà sí," wọ́n ní. "Inú cup nìkan ni mo ti mọ kòkó. Nígbà tí mò ń fẹ́ Mummy, bàbá wọn mú mi lọ sóko ní Ìkirè. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ oko ro. Mo ní, 'Nǹkan kékeré nìyẹn, sà.' Wọ́n lọ pọnmi lódò. Kí wọ́n tó dé, mo ti bẹ́ gbogbo ọmọ kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Mo rò pé igbó ni."

"Ha! Kí lẹ wá sọ fún wọn, sà?"

Daddy wo ojú fèrèsé. "Mo ní ọ̀yà ló jẹ ẹ́."

Mi ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n gbà mí gbọ́," wọ́n ní. "Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń dẹ tàkúté de ọ̀yà yẹn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn mọ́. Mummy gan-an ò mọ̀ dòní." Iná títì pupa, a dúró. "Ìwọ sọ tìẹ kílẹ̀ tó ṣú. Sọ fáwọn òbí ẹ kí wọ́n pè mí."

Mo gbàgbé láti wakọ̀ nígbà tí iná títì yí padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ló fọn ìwo kí n tó mọ̀.

Ìṣẹ́jú méjì la fi ki ike tuntun náà bọ ihò. Iná kú. Nígbà tí Mummy béèrè ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe, Daddy ní, "Àwa méjèèjì ni." Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tètè sọ pé òun ò mọ̀, kí aṣọ tó ya, kí ìyá ìyàwó tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Títí dòní, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní Grayson, Daddy máa ń pè mí, ṣùgbọ́n kí n wá di tọ́ọ̀ṣì mú ni. Mo sì máa ń dì í mú dáadáa.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí mi lọ tọrọ Mojí, Mummy sọ ìtàn fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ gan-an tí ọkọ àwọn wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá àwọn ni ọ̀yà burúkú kan wá ba gbogbo kòkó jẹ́. Ìyá mi ń pòṣé. Daddy wò mí, èmi wo àjà, mo gbé ẹ̀rín mì. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé Mummy ń ka èyí, kí wọ́n jọ̀ọ́ má bínú sí ẹnikẹ́ni: ọ̀yà ni.